ÈÈNÌ INÚ KÁÀDÌ ÀWÌN: ORÍSUN RẸ̀, ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ ÀTI ÌDÁJỌ́ RẸ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tó sì ṣe owó èlé ní èèwọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí káàdì kan tí àwọn báǹkì ń gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá ń fi í rajà yóò máa gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ná Dubai tàbí Ṣáínà yóò bá a pàdé. Ẹni tó parí ẹ̀kọ́ ní LAUTECH tó sì ríṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi na irú káàdì bẹ́ẹ̀ sí i. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀lé e ni pé: ṣé kí a gbà á ni, àbí kí a má gbà á? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ibi tí nǹkan náà ti wá, kí a mọ àǹfààní tó wà nínú rẹ̀, kí a sì mọ ẹni tó ń san owó rẹ̀.

1. ÈÈNÌ ÀTI ÀWÌN KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọjà tiwa. Bí ènìyàn bá lọ ra gàrí tàbí ẹ̀wà ní Tákìé tàbí ní Sábó, tí ìyá ọlọ́jà bá wọn kóńgò tán, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Kò sí àfáà tó máa sọ pé owó èlé ni. Olùtajà ló yọ ọ́ nínú ọjà ara rẹ̀, kí oníbàárà lè padà wá lọ́la.

Àwìn náà kì í ṣe tuntun. Àwọn òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, a máa gbé aṣọ fún ènìyàn láwìn, bí ọjọ́ bá sì pé, wọn a lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi sanwó. Àwọn bàbá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àwọn ará Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, ṣòwò títí dé Tamale àti àwọn ìlú mìíràn ní òkè Gánà. Ọ̀dọ́ tó bá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ kì í sábàá ní owó lọ́wọ́. Á kọ́kọ́ sìn ín, lẹ́yìn náà ni àgbà oníṣòwò á gbé ọjà fún un láwìn láti fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n mọ ilé ara wọn, wọ́n mọ ìdílé ara wọn, ìyẹn ló so àwìn náà ró. Ní 18 November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa fi ilé àti ọjà sílẹ̀, wọ́n sì fi owó àwìn tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó gbé ọjà láwìn fúnni, ewu ni ó gbé lé orí ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbèsè fi jẹ́ àmánà lọ́rùn ẹni tó gbà á.

Kí a mú ọ̀rọ̀ méjì yìí dání: èènì àti àwìn. Inú káàdì tí à ń sọ yìí ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ohun kẹta tó wọ àárín wọn, tí kò sí nínú kóńgò ìyá ọlọ́jà, ni èlé.

2. BÍ KÁÀDÌ ÀWÌN ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní 1950, Frank McNamara àti Ralph Schneider dá Diners Club sílẹ̀ ní New York. Ẹni tó ní káàdì náà lè jẹun ní ilé oúnjẹ kó kàn fọwọ́ sí ìwé. Ilé-iṣẹ́ náà yóò san owó fún olóúnjẹ, yóò sì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí oṣù bá parí, ẹni tó jẹun yóò san gbogbo gbèsè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní September 1958, Bank of America gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi káàdì tó ń jẹ́ BankAmericard ránṣẹ́ sí nǹkan bí 60,000 ènìyàn ní ìlú Fresno ní California, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè fún un. Ẹni tó bá fi í rajà kò ní láti san gbogbo owó ní ìparí oṣù. Ó lè san díẹ̀, kí ó ti ìyókù síwájú, ṣùgbọ́n èlé yóò máa gun ìyókù yẹn. Káàdì yìí ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Visa ní 1976. Ibí yìí ni èlé ti wọ inú ọ̀rọ̀, òun náà ló sì di òpó pàtàkì tí òwò náà dúró lé.

3. BÍ ÈÈNÌ ỌKỌ̀ ÒFUURUFÚ ṢE BẸ̀RẸ̀

Títí di 1978, ìjọba Amẹ́ríkà ló ń pinnu ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kọ̀ọ̀kan lè gbà àti iye owó tó lè gbà lọ́wọ́ èrò. Ní October 1978, Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin tó tú ìdè náà. Ìdíje wá le. Ọkọ̀ pọ̀ ní ojú ọ̀nà kan náà, èrò sì ń yan èyí tó bá wù wọ́n. Báwo ni ilé-iṣẹ́ kan yóò ṣe di oníbàárà rẹ̀ mú?

Ní 1 May 1981, American Airlines bẹ̀rẹ̀ ètò tó pè ní AAdvantage. Wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ṣa orúkọ àwọn tó ń bá wọn rìn jù lọ. Wọ́n ń ka iye máìlì tí ènìyàn bá bá wọn rìn sí i lọ́rùn, bó bá sì pọ̀ tó, wọn á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, United Airlines gbé Mileage Plus tirẹ̀ jáde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Ọgbọ́n ìyá ọlọ́jà ni wọ́n dá. Máìlì di èènì ojú òfuurufú.

4. BÍ ÈÈNÌ ÀTI KÁÀDÌ ÀWÌN ṢE DI Ọ̀KAN

Ní 1987, Citibank àti American Airlines gbé káàdì kan jáde pa pọ̀. Dọ́là kan tí ènìyàn bá fi rajà, máìlì kan ni. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ kí ènìyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó kó máìlì jọ. Ẹni tó ra ẹran, tó ra bẹntiróòlù, tó ra bàtà ọmọ, ó ń kó máìlì jọ.

Ibo ni máìlì náà ti ń wá? Báǹkì ló ń rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, tó sì ń pín in fún àwọn tó ń lo káàdì rẹ̀. Òwò náà di ńlá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Nígbà tí àrùn kòrónà dá ọkọ̀ dúró ní 2020, United fi ètò máìlì rẹ̀ dógò láti yá owó bílíọ̀nù 6.8 dọ́là. Ní 2021, American Airlines fi AAdvantage dógò fún bílíọ̀nù 10 dọ́là. Ẹ̀yin ará, bí èènì bá tó ohun tí wọ́n lè fi dógò fún bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ gàrí lásán mọ́.

5. ÀǸFÀÀNÍ TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ̀sìn wa kò gbà wá láàyè láti purọ́ mọ́ ohun kankan, nítorí náà a óò sọ èyí tó dára nínú rẹ̀.

(a) Ẹni tó bá kó máìlì jọ lè gba tíkẹ́ẹ̀tì láìsan owó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń san owó orí àti àwọn owó kéékèèké mìíràn.

(b) Ẹni tó bá wọ ipò gíga nínú ètò náà lè gbé ẹrù ju àwọn yòókù lọ. Oníṣòwò tó ń kó ọjà bọ̀ láti òkè òkun mọ iyì èyí.

(d) Wọ́n lè gbà á láàyè láti tètè wọ ọkọ̀, tàbí kó sinmi ní yàrá ìtura ní pápákọ̀ òfuurufú.

(e) Ààbò wà fún ẹni tó rajà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1974 sọ pé bí ènìyàn bá fi káàdì àwìn ra ohun tí owó rẹ̀ ju 100 pọ́n-ùn lọ, tí kò sì ju 30,000 lọ, tí olùtajà sì jẹ ẹ́ níyà, ó lè béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó fún un ní káàdì.

Ṣùgbọ́n àǹfààní wọ̀nyí ní ààlà. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lè fi kún iye máìlì tí wọ́n ń béèrè fún ìrìn-àjò kan. Ọjọ́ lè kọjá lórí máìlì. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé pátápátá, bí Air Nigeria ṣe dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2012, kí ni ènìyàn yóò fi máìlì inú ìwé ṣe?

6. TA LÓ Ń SAN OWÓ ÈÈNÌ NÁÀ?

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó náà ń gbà wọlé. Èkíní ni owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ olùtajà nígbàkigbà tí ènìyàn bá fi káàdì rajà. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé apá tó ń lọ sọ́dọ̀ báǹkì tó fúnni ní káàdì nínú owó yìí kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 nínú 100 lọ. Lẹ́yìn òfin náà, ọ̀pọ̀ báǹkì níbẹ̀ dín èènì wọn kù. Ìyẹn fi hàn pé àpò olùtajà ni ó ti ń wá, olùtajà náà yóò sì bù ú lé owó ọjà.

Ọ̀nà kejì ni owó ọdọọdún tí ẹni tó ní káàdì ń san.

Ọ̀nà kẹta ni èlé orí àwọn tí kò lè san gbèsè wọn tán ní ìparí oṣù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yé ara wa. Ká sọ pé káàdì kan ń fúnni ní èènì náírà kan lórí 100 náírà, tó sì ń gba èlé náírà 3 lórí 100 lóṣooṣù. Arákùnrin kan fi í ra ọjà 300,000 náírà. Èènì rẹ̀ jẹ́ 3,000 náírà. Bí kò bá rí owó san ní oṣù náà, èlé rẹ̀ jẹ́ 9,000. Bí ó bá di oṣù mẹ́ta tí kò san nǹkan kan, èlé náà ti lé ní 27,000. Ó wá 3,000 lọ, ó sọ 27,000 nù. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a sọ àsọdùn: ní November 2024, Báǹkì Àgbà ilẹ̀ wa gbé ìwọ̀n èlé tó fi ń tọ́ àwọn báǹkì sọ́nà dé 27.5 nínú 100 lọ́dún.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá jókòó nínú ọkọ̀ tó ń pè ní ọ̀fẹ́, ó lè jẹ́ pé èlé orí opó kan tàbí ọ̀dọ́ kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ wà lára ohun tó san owó ìjókòó náà.

7. ÌDÁJỌ́ ẸSÌN

Nínú Suratul-Baqarah, láti aaya 275 lọ, Ọlọ́hun pààlà sáàárín òwò àti owó èlé. Ó ṣe ọ̀kan ní ẹ̀tọ́, Ó ṣe èkejì ní èèwọ̀, Ó sì kéde ogun lé ẹni tó kọ̀ láti jáwọ́. Nínú aaya 280, Ó pàṣẹ pé kí a fún onígbèsè tí kò rówó ní àkókò. Ohun tí káàdì èlé ń ṣe lòdì sí èyí: bí ìyà onígbèsè bá ṣe ń pọ̀ sí i ni gbèsè rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó sì wà nínú hádíìsì tó dájú pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́ èpè lé ẹni tó ń jẹ owó èlé, ẹni tó ń san án, ẹni tó kọ ìwé rẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Àwọn kan á ní: “Èmi yóò máa san gbèsè mi kí ọjọ́ tó pé, èlé kò ní í kàn mí.” Ìpàdé àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn lágbàáyé, èyí tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Jeddah, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Riyadh ní September 2000. Ìpinnu wọn ni pé bí àdéhùn èlé bá wà nínú ìwé káàdì àwìn, kò tọ́ láti gbé e jáde, kò sì tọ́ láti lò ó, kódà bí ẹni tó gbà á bá ní in lọ́kàn láti san owó rẹ̀ kí èlé tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé ó ti fọwọ́ sí àdéhùn èèwọ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà á láàyè fún ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú pé òun yóò san án lásìkò, pàápàá ní ìlú tí kò ti sí ọ̀nà mìíràn. A mẹ́nu kan èyí kí ẹ má baà bá ara yín jà nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu àkọ́kọ́ yẹn ni ó fi ọkàn balẹ̀ jù. Ta ló lè dá ara rẹ̀ lójú lórí owó ọ̀la? Àìsàn lè dé, iṣẹ́ sì lè bọ́.

Káàdì tí owó ara ẹni wà nínú rẹ̀ kò ní ìṣòro yìí. Ìpàdé kan náà fọwọ́ sí i ní Muscat ní 2004, bí kò bá ti sí èlé nínú rẹ̀. Èènì fúnra rẹ̀, bí ẹ̀dínwó lórí tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ilé ìtura, kì í ṣe èèwọ̀ bí ohun tó so mọ́ bá jẹ́ ẹ̀tọ́. Àwìn tí èlé wà nínú rẹ̀ ni a ń sá fún, a kò bá èènì jà.

Ọ̀rọ̀ àmánà tún wà níbẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òṣìṣẹ́, ta ló ni máìlì orí rẹ̀? Ní 2002, Gregor Gysi tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alákòóso ìjọba ìlú Berlin ní Jámánì fi ipò sílẹ̀, nítorí pé ó lo máìlì tó kó jọ nínú ìrìn-àjò iṣẹ́ ìjọba fún ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ti wà fún wa ṣáájú èyí. Ànábì bínú sí ọkùnrin kan tó rán láti gba sàká, tó padà dé tó ń ya ẹ̀bùn tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ó bi í pé, bó bá jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà yóò wá bá a? Kí òṣìṣẹ́ Mùsùlùmí béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó rán an níṣẹ́.

8. OHUN TÍ Ọ̀DỌ́ LÈ ṢE

(a) Kí ó wọ inú ètò ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, láìgba káàdì àwìn. ShebaMiles ti Ethiopian Airlines wà, Alfursan ti Saudia náà wà. A kì í sanwó láti wọ̀ ọ́. Kí orúkọ tó kọ síbẹ̀ bá ti ìwé ìrìnnà rẹ̀ mu, kí ó sì máa fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Máìlì tó bá kó jọ lọ́nà yìí jẹ́ èènì ọjà tó fi owó ara rẹ̀ rà.

(b) Kí ó máa lo káàdì tó ń yọ owó nínú àpò ara rẹ̀. Èyí náà ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa. Verve tí wọ́n gbé jáde níhìn-ín ní 2009 wà lára irú rẹ̀.

(d) Kí ó wá báǹkì tí kò sí èlé nínú ètò rẹ̀. Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2012, TAJBank ní 2019, Lotus Bank ní 2021.

(e) Bó bá jẹ́ pé Mẹ́kà ni ó fẹ́ lọ, kí ó tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Háájì ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ìfowópamọ́ Háájì pẹ̀lú Jaiz ní 2020. Owó Háájì 2025 fún ìpínlẹ̀ wa àti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù yòókù lé ní mílíọ̀nù 8.7 náírà. Owó ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní agbára ni Ọlọ́hun pa Háájì láṣẹ fún. Kò pa á láṣẹ pé kí a lọ pẹ̀lú gbèsè èlé lọ́rùn.

(ẹ) Ẹni tó ti wà nínú gbèsè káàdì, kí ó má sọ̀rètí nù. Kí ó dá ìnáwó lórí káàdì náà dúró lónìí. Kí ó kọ iye tó jẹ sílẹ̀, nítorí aaya tó gùn jù nínú Àlùkùráánì, èyí tí í ṣe Baqarah 282, dá lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀. Kí ó sọ fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀. Kí ó máa san án ju iye kékeré tí báǹkì ń béèrè lọ, títí yóò fi tán. Kí ó rántí pé Ànábì kọ̀ láti kírun sí òkú kan lára nítorí gbèsè, títí Abu Qatada fi gbà á sọ́rùn ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa náà ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀: bí arákùnrin tàbí arábìnrin kan bá há, ẹ jẹ́ ká yá a lówó láìsí èlé kí báǹkì tó fi èlé bá a.

Ẹ̀yin ará wa, nígbà mìíràn tí wọ́n bá na káàdì kan sí yín pé ọ̀fẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré: “Owó ta ni mo fẹ́ ná? Bí n kò bá san án lọ́jọ́ tó yẹ, kí ni ẹ ó ṣe?” Ìdáhùn sí ìkejì ni yóò sọ fún yín bóyá èènì ni tàbí ìdẹ. Kí Ọlọ́hun fi ẹ̀tọ́ tó wa, kí Ó yọ gbèsè kúrò lọ́rùn wa, kí Ó sì jẹ́ ká rí Ilé Rẹ̀ pẹ̀lú owó mímọ́. Aamiin.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èènì ìyá ọlọ́jà àti èènì inú káàdì àwìn?
2. Kí ló yàtọ̀ láàárín káàdì Diners Club ti 1950 àti BankAmericard ti 1958?
3. Kí nìdí tí àwọn onímọ̀ ní Riyadh fi ní èrò ọkàn láti san gbèsè lásìkò kò tó?
4. Ilé-iṣẹ́ rẹ rán ọ lọ sí Àbújá, o sì rí máìlì gbà lórí ìrìn-àjò náà. Kí ni ó yẹ kí o ṣe?
5. Báwo ni ẹ̀ka wa ṣe lè ran ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nínú gbèsè èlé lọ́wọ́?